Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù Oníná Mànàmáná àti Ẹrù Rẹ̀

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Àgbẹ̀ ń fi í kó koríko fún màlúù rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń fi í kó pákó àti irinṣẹ́. Baálé ilé ń fi í gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀, bí ìgbà ooru bá sì dé, òun kan náà ni yóò fi fa ọkọ̀ ojú omi lọ sí etí adágún. Láti ọdún 1977 ni àwọn píkọ́ọ̀pù F-Series tí ilé-iṣẹ́ Ford ń ṣe ti ń ṣáájú gbogbo irú wọn ní títà ní orílẹ̀-èdè náà. Nítorí náà, nígbà tí Ford kéde ní oṣù karùn-ún ọdún 2021 pé òun fẹ́ ṣe irú F-150 kan tí kò ní mu epo rárá, tí bátìrì nìkan ni yóò máa gbé e rìn, àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ọlọ́kọ̀.

Àwọn kan ní ọjọ́ ti pé fún epo pẹtiróòlù. Àwọn mìíràn fi í ṣẹ̀sín, wọ́n ní ohun ìṣeré ọlọ́rọ̀ ni, wọ́n ní ọkọ̀ tí ń jẹ bátìrì bíi rédíò kò lè fa ẹrù gidi. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ó ní ìdí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ran ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ lọ́wọ́. Owó ọkọ̀ náà kì í sì í ṣe owó kékeré. 39,974 dọ́là ni wọ́n dá lé èyí tí ó rẹlẹ̀ jù lọ nínú wọn ní ọjọ́ ìkéde. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta ọdún 2023, iye yìí ti fò kọjá 59,000 dọ́là, kí wọ́n tó tún gé e sí 49,995 ní oṣù keje ọdún kan náà. Ìdílé tí ó bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra ohun tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu yóò máa san gbèsè pẹ̀lú àbámọ̀ fún ọdún púpọ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn kì í ṣe bí ọkọ̀ náà ti lágbára tó, bí kò ṣe ibi tí yóò máa sùn sí ní alẹ́, àti ohun tí yóò máa fà ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún.

Kí ènìyàn tó lè mọ ìdí tí ìbéèrè yìí fi ṣe pàtàkì, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó wà nínú ikùn ọkọ̀ náà. F-150 Lightning ni wọ́n sọ ọ́, ọdún 2022 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn tí wọ́n rà á. Bátìrì rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sí abẹ́, láàrin táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Oríṣi bátìrì méjì ni ó wà. Èyí tí ó tóbi ń gba yúníìtì iná 131, irú yúníìtì kan náà tí mẹ́tà ilé ń kà, tí àwọn ará Ìbàdàn àti Èkó ń fi owó wọn rà ṣáájú kí wọ́n tó lò ó. Èyí tí ó kéré ń gba 98. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dán ọkọ̀ náà wò, èyí tí ó ní bátìrì ńlá rin 320 máìlì kí iná inú rẹ̀ tó tán, èyí tí ó ní bátìrì kékeré sì rin nǹkan bíi 230. Ìrìn 320 máìlì kì í ṣe ìrìn kékeré. Ó ju àlọ àti àbọ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ dáadáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yani lẹ́nu nìyí. Gálọ̀ọ̀nù epo pẹtiróòlù kan, bí wọ́n ti ń wọn gálọ̀ọ̀nù ní Amẹ́ríkà, ní agbára tí ó tó yúníìtì iná 33.7 nínú. Bí ènìyàn bá ṣírò rẹ̀, yóò rí i pé gbogbo agbára tí ó wà nínú bátìrì ńlá yẹn, tí ó wúwo tó nǹkan bíi 1,800 pọ́ùn, kò pé ti gálọ̀ọ̀nù epo mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni F-150 elépo lè gbé ju 20 gálọ̀ọ̀nù lọ nínú táǹkì rẹ̀. Báwo ni ọkọ̀ tí oúnjẹ inú rẹ̀ kéré tó báyìí ṣe ń rin 320 máìlì? Ìdí rẹ̀ ni pé onínàákúnàá ni ẹ́ńjìnnì elépo. Nínú epo tí ó bá jó, èyí tí ó pọ̀ jù ni ó ń di ooru lásán, tí ó ń bá èéfín lọ. Díẹ̀ ni ó ń dé ìdí táyà. Ẹ́ńjìnnì oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná tí ó bá gbà ni ó ń fi ṣiṣẹ́, bí ọkọ̀ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tàbí tí awakọ̀ bá fẹ́ dúró, àwọn táyà ni yóò máa yí ẹ́ńjìnnì náà, òun yóò sì di jẹnẹrétọ̀ tí ń dá iná padà sínú bátìrì. Bí wọ́n gún iyán nínú ewé, tí wọ́n se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Ní ti ìgbésí ayé ojoojúmọ́, ọkọ̀ náà dára ju bí àwọn tí ń fi í ṣẹ̀sín ti rò lọ. Bí wọ́n bá pín ìrìn ọdún kan awakọ̀ Amẹ́ríkà sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ju nǹkan bíi 40 máìlì lọ ní òòjọ́. Ẹni tí ó bá ní gáréèjì tirẹ̀ yóò dé ní ìrọ̀lẹ́, yóò ki wáyà bọ ihò kan tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ iwájú ọkọ̀ náà, yóò sì wọlé lọ jẹun. Bí ilẹ̀ bá mọ́, bátìrì ti gba ohun tí yóò ná ní ọjọ́ náà. Kò ní í yà sí ilé epo nígbà tí ó ti pẹ́ fún iṣẹ́, kò sì ní í yí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì padà láé, nítorí pé kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọkọ̀ yìí fi ara rẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ó jẹun yó nílé kí ó tó jáde.

Owó rẹ̀ náà fẹ́ ìṣirò. Ní ọdún 2024, nǹkan bíi sẹ́ǹtì 16 ni àwọn onílé ní Amẹ́ríkà ń san lórí yúníìtì iná kan ní ìpíndọ́gba. Ọkọ̀ náà ń jẹ yúníìtì 48 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ láti rin 100 máìlì, èyí tí ó fi jẹ́ nǹkan bíi dọ́là mẹ́jọ. F-150 elépo tí ń fi gálọ̀ọ̀nù kan rin 20 máìlì yóò jó gálọ̀ọ̀nù márùn-ún lórí ìrìn kan náà, bí gálọ̀ọ̀nù kan bá sì jẹ́ dọ́là mẹ́ta àti díẹ̀, owó rẹ̀ ti lé ní dọ́là 15. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ka èyí má tíì yọ̀. Nílé nìkan ni ìṣirò yìí ti dára. Ní àwọn ibùdó ṣáàjì kíákíá tí ó wà ní ojú ọ̀nà márosẹ̀, yúníìtì kan lè tó sẹ́ǹtì 50, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀, 100 máìlì kan náà yóò gba dọ́là 24 lọ́wọ́ awakọ̀, ọkọ̀ elépo yóò sì fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá ní ibi tí yóò ti máa ṣáàjì ọkọ̀ rẹ̀ nílé, tí ojú ọ̀nà ni yóò ti máa bọ́ ọ lójoojúmọ́, ohun tí ó dáa jù nínú ọkọ̀ náà ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí ilé bá tilẹ̀ wà, ó ní irú wáyà tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Fóltì 120 ni ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri lásán ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá fi í ṣáàjì bátìrì ńlá náà láti ìgbà tí ó ti gbẹ yóò dúró fún bíi ọjọ́ mẹ́rin, tọ̀sán tòru. Ẹni tí ó bá pe oníṣẹ́ iná kí ó fa wáyà fóltì 240 tí ó nípọn dáadáa sí gáréèjì yóò rí i pé láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀ ti tó. Oníṣẹ́ iná yìí ń gba owó, bí ilé bá sì ti pẹ́, ó lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ àpótí iná gbogbo ilé. Ẹni tí ń gbé ní àjà kẹwàá ilé gogoro kan ní New York, tí ó ń wá ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí ní etí títì lálaalẹ́, kò ní ògiri tirẹ̀ tí yóò ki wáyà bọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpolówó ọjà ni kì í sọ èyí.

Ọkọ̀ náà tún ní ẹ̀bùn kan tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fẹ́ràn. Níbi tí ẹ́ńjìnnì máa ń wà níwájú, àpótí ńlá kan tí ó ní ìdérí ni ó wà níbẹ̀, òjò kò sì lè pa ohun tí ó bá wà nínú rẹ̀. Ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó lè tó 11 ni ó tún wà káàkiri ara rẹ̀, agbára iná tí wọ́n sì lè fún ni lápapọ̀ tó kílówáàtì 9.6. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó bá gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, níbi tí ilé-iṣẹ́ mànàmáná kò tíì fa wáyà dé, yóò ki ayùn oníná rẹ̀ bọ ara ọkọ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ariwo, kò sí èéfín. Fún irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí ilé, ó ṣòro láti rí ọkọ̀ tí ó bá a mu jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ wá kan fífa ẹrù, ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti le. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù: èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, tí ó kàn ń tẹ̀ lé ọkọ̀ lẹ́yìn bí ọmọ ewúrẹ́ ti ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹṣin ni ó wà nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ katakata, ó sì lè jẹ́ odindi ilé onítáyà tí ó ní ibùsùn àti ààrò, èyí tí ìdílé máa ń sùn sí bí wọ́n bá lọ gbafẹ́ nínú igbó ọba. Ford ní Lightning lè fa ẹrù tí ó wúwo tó 10,000 pọ́ùn. Kì í ṣe irọ́. Ẹ́ńjìnnì oníná kì í dúró kí ó kọ́kọ́ sáré kí agbára rẹ̀ tó pé. Láti ìdúró ni gbogbo agbára rẹ̀ ti wà. Ó ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn láìkérora. Ẹni tí ó bá ní kò lágbára kò tíì wà á rí. Oúnjẹ inú rẹ̀ ni kò pọ̀.

Ohun tí ó sì ń jẹ oúnjẹ náà kì í ṣe ìwúwo ẹrù nìkan, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá tí ó le jù ní ojú ọ̀nà márosẹ̀. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì í sẹ́yìn yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó bá ti ru páànù ìbolé lórí rí ní ọjọ́ tí ìjì ń jà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí. Kì í ṣe ìwúwo páànù ni ó fẹ́ gbé e ṣubú. Bákan náà ni ọkọ̀ tí ó fa ilé onítáyà gíga, tí iwájú rẹ̀ tẹ́ bí ògiri, ṣe ń jìyà ju èyí tí ó fa kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ó lọ sílẹ̀, tí bíríkì kún inú rẹ̀. Àwọn oníwèé-ìròyìn ọkọ̀ tí wọ́n so irú ilé gíga bẹ́ẹ̀ mọ́ ìdí Lightning ní ọdún 2022, tí wọ́n sì sáré ní nǹkan bíi 70 máìlì ní wákàtí kan, rí i pé gbogbo ìrìn ọkọ̀ náà já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 100 máìlì.

Òdodo ọ̀rọ̀ ni pé píkọ́ọ̀pù elépo pàápàá kì í bọ́ nínú ìyà yìí. Òun náà máa ń pàdánù bí ìdajì ìrìn rẹ̀ bí ilé gíga bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní àká kíkún kì í mọ̀ tètè pé ìyàn mú. Bí ìrìn ọkọ̀ elépo tilẹ̀ di ìdajì, ó ṣì kù ní 200 máìlì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé epo sì wà ní gbogbo oríta, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni kíkún táǹkì rẹ̀ ń gbà. Ọkọ̀ oníná kò ní àká ńlá, ìbùkún rẹ̀ ni pé kì í ná ìnákúnàá. Ọjọ́ tí ẹrù àti afẹ́fẹ́ bá sọ ọ́ di onínàáwó tipátipá, kò ní ohun tí yóò fi bo àṣírí ara rẹ̀.

Bí ìdílé kan bá fẹ́ fi ọkọ̀ náà fa ilé onítáyà rin ìrìn 400 máìlì, tí ìrìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù bá jẹ́ 120 máìlì, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nìyí. Wọn yóò kúrò nílé pẹ̀lú bátìrì kíkún, wọn yóò sì rin nǹkan bíi 105 máìlì kí wọ́n tó wá ibi tí wọn yóò ti ṣáàjì, nítorí kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò jẹ́ kí iná tán pátápátá pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú ọkọ̀. Ní ibùdó ṣáàjì kíákíá, bátìrì yóò lọ láti ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún dé 80 ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú 41. Bí ó bá ti kọjá 80, iná náà yóò máa rọra wọlé, bí ènìyàn ti ń rọra da omi sí agbè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kí ó má baà dànù. Nítorí náà, wọn kì í dúró kí ó kún. Wọn yóò gba èyí tí ó tó 78 máìlì, wọn yóò sì máa lọ. Ìdúró mẹ́rin nìyẹn kí wọ́n tó dé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta nínú èyí tí wọn kò ṣe nǹkan mìíràn ju kí wọ́n máa wo mẹ́tà lọ.

Ìyẹn bí ohun gbogbo bá lọ déédé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ibùdó ṣáàjì ni wọ́n kọ́ bí ibi ìgbọ́kọ̀sí lásán: ọkọ̀ yóò wọlé ní iwájú, ògiri tàbí koríko yóò sì dí i. Iwájú ni ihò iná Lightning wà, nítorí náà iwájú ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀. Ilé onítáyà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò wá gùn jáde, yóò dí ọ̀nà gbogbo àwọn yòókù. Awakọ̀ kò ní ohun tí yóò ṣe ju kí ó tú u sílẹ̀ lọ, kí ó fi í sí ibòmíràn, kí ó ṣáàjì, kí ó sì padà wá so ó; ìgbà mìíràn nínú òjò, ìgbà mìíràn ní ọ̀gànjọ́ òru. Láti oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n gba àwọn oní-Ford láyè láti lo àwọn ibùdó ṣáàjì Tesla, tí ó pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní Amẹ́ríkà, ìrànlọ́wọ́ gidi sì ni èyí jẹ́. Síbẹ̀, wáyà ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrú, ọkọ̀ Tesla tí ihò rẹ̀ wà lẹ́yìn ni wọ́n gé e fún. Kí Lightning tó lè kan wáyà náà, ó máa ń ní láti gba ààyè ọkọ̀ méjì, bí alára ńlá nínú dánfó.

Ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọkọ̀. Ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn tí ń kọ́ ilé epo ti mọ̀ pé ó yẹ kí ọkọ̀ gba ìhín wọlé kí ó sì gba ọ̀hún jáde. Àwọn tí wọ́n kọ́ ibùdó ṣáàjì ní ìmọ̀ yìí lárọ̀ọ́wọ́tó wọn, wọn kò sì lò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni irú ibùdó tí ó lè gba kẹ̀kẹ́ ẹrù ń yọjú, ṣùgbọ́n wọn kò tíì tó nǹkan.

Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹrù fífà ni ìrìn jíjìn. Àgbẹ̀ tí ń fa màlúù méjì lọ sí ọjà tí kò ju 30 máìlì lọ sí oko rẹ̀, tí yóò sì padà sùn sílé, kò ní ohun tí ó kan ibùdó ṣáàjì rárá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ní píkọ́ọ̀pù ní Amẹ́ríkà ni kì í sì í so ohunkóhun mọ́ ọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, bí wọ́n bá tilẹ̀ so ó. Wọ́n ń ra ọkọ̀ nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn, wọ́n sì ń fi 364 yòókù gbé àpò ìwé àti ẹ̀fọ́. Ẹni tí ó bá háyà píkọ́ọ̀pù elépo fún ọ̀sẹ̀ kan ní ìgbà ooru, tí ó sì fi tirẹ̀ oníná ṣe iṣẹ́ ìyókù ọdún, ti ṣe ohun tí ó mọ́gbọ́n wá.

Òtútù náà ń dín ìrìn ọkọ̀ náà kù. Ní ìpínlẹ̀ bíi Michigan àti Minnesota, ìdámẹ́rin tàbí ìdámẹ́ta ìrìn lè lọ bẹ́ẹ̀ ní àkókò yìnyín, nítorí pé ara bátìrì kì í yá nínú òtútù, àti pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń bu iná tí ń mú inú ọkọ̀ móoru.

Ibi tí ọkọ̀ náà ti gba ìyìn tí ẹnikẹ́ni kò retí ni ọjọ́ tí iná bá kú. Ní oṣù kejì ọdún 2021, yìnyín àti òtútù bo ìpínlẹ̀ Texas, ilé tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ sì wọ inú òkùnkùn. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjì Beryl tún já wáyà iná ní Houston àti agbègbè rẹ̀, àwọn tí wọn kò sì ní iná ju mílíọ̀nù méjì lọ, àwọn mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, nínú ooru tí ń múni làágùn. Houston yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, tí Yorùbá pọ̀ láàrin wọn, fi ṣe ibùgbé. Ẹni tí ó rò pé òun bọ́ lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀ ní ọjọ́ tí òun fi Èkó sílẹ̀ tún rí i pé jẹnẹrétọ̀ ti dúró de òun níwájú.

Ilé kan ní Amẹ́ríkà ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì 30 ní ọjọ́ kan. Bátìrì ńlá Lightning, bí ó bá kún, tí wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ tí ó so ó pọ̀ mọ́ ilé sí i, lè gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò ní èéfín. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, nítorí pé èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ìdí fèrèsé ti sọ oorun ọ̀pọ̀ ìdílé di oorun àìjí ní Nàìjíríà, irú rẹ̀ sì ṣẹlẹ̀ ní Texas náà. Kí onílé rántí, síbẹ̀, pé bátìrì tí ó bọ́ ilé fún ọjọ́ mẹ́ta kò ní ìrìn púpọ̀ lára mọ́. Bí wọ́n bá ní kí gbogbo ènìyàn sá kúrò ní ìlú ní ọjọ́ kẹrin, ó lè má lè sá jìnnà.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà bá lò sílẹ̀ ni ó ń gba èbúté Èkó wọlé ní tòkúnbọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka èyí lónìí lè jẹ́ ẹni tí yóò ra irú píkọ́ọ̀pù yìí lọ́la, kí ó sì mọ ìṣirò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri ní ilẹ̀ yìí lágbára ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ó lè fún ọkọ̀ ní nǹkan bíi yúníìtì mẹ́ta ní wákàtí kan. Ilé tí iná kì í wà ju wákàtí mẹ́rin lọ lójúmọ́ yóò rí yúníìtì 12, èyí tí kò lè gbé ọkọ̀ náà kọjá 25 máìlì. Ó tó fún iṣẹ́ àti ọjà láàrin Ìbàdàn. Kò tó láti lọ kó iṣu wá láti Ṣakí. Bí ó bá sì jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ elépo ni onítọ̀hún yóò tàn kí ó lè ṣáàjì ọkọ̀ rẹ̀, ó ti padà sọ́wọ́ epo tí ó ń sá fún.

Ohun tí ó jọ ẹ̀fẹ̀ yìí gan-an ni Ford fẹnu kò sí ní oṣù kejìlá ọdún 2025. Ó kéde pé òun kò ṣe Lightning oníbátìrì nìkan mọ́, nítorí pé owó ń wọlé síbẹ̀ láìjáde. Èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀ yóò gbé ẹ́ńjìnnì elépo sínú ara rẹ̀, tí kò ní í yí táyà rárá, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní í ju kí ó máa ṣáàjì bátìrì lọ. Wọ́n ń retí pé ìrìn rẹ̀ yóò ju 700 máìlì lọ. Chevrolet ti gba ọ̀nà mìíràn ní tirẹ̀: ó ki bátìrì tí ó lé ní yúníìtì 200 sínú Silverado oníná rẹ̀, ọkọ̀ náà sì wúwo ju 8,000 pọ́ùn lọ. Nínú méjèèjì, ti Ford ni ó sunwọ̀n jù fún ẹni tí ń fa ẹrù lọ sí ọ̀nà jíjìn, nítorí kò sí ọgbọ́n nínú kí ènìyàn máa ru bátìrì ìrìn-àjò kiri ní gbogbo ọdún nítorí ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n gbẹ́nàgbẹ́nà tí ń sùn sílé kò bẹ̀ wọ́n ní ẹ́ńjìnnì elépo. Òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá mu rẹ́gí, ọjà tí wọ́n sì ń polówó fún arìnrìn-àjò ni wọ́n gbé fún un.

Àwọn Lightning tí wọ́n ti tà ṣáájú ṣì wà lójú ọ̀nà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, wọ́n ń yọ jáde láti inú gáréèjì láìpariwo, pákó lẹ́yìn, ayùn nínú àpótí iwájú. Ilé onítáyà sì wà ní àgbàlá tí wọ́n ti fi tapólì bò ó, tí ó ń dúró de píkọ́ọ̀pù elépo tí wọn yóò háyà ní oṣù keje.